Jẹ́sì Nọ́ńbà Mẹ́fà

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, èmi ni mo ń fọ jẹ́sì.
Òkè Báálẹ̀ nilé mi, ẹ̀yìnkùlé ni mo so okùn sí,
láàárín igi ìbẹ́pẹ àti òpó iná tí kò tàn láti ìjẹrin.
Mọ́kànlá, àti méje ti àwọn tó ń jókòó.
Yunifásítì ló ni aṣọ; ọṣẹ ni tèmi.

Kóòṣì Ọ̀jẹ́wùmí wá bá mi nídìí báàfù.
Ó di ìwé kan mọ́wọ́, ó ti kọ orúkọ mẹ́wàá,
àyè kan ṣófo bí ibi tí eyín ti ká.
"Ìyá Mọ́ríámọ̀, àwọn ará Ìlọrin ń bọ̀ lọ́la.
Ṣé kí n fi Látẹ́ẹ̀fù sí i,
àbí ọmọ ọdún kìíní yẹn, Ayọ̀mípọ̀sí?"

Mo ní ṣé èmi lò ń bi, èmi tí n kò mọ ófúsáìdì?
Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ òógùn wọn."

Òótọ́ ni. Mo mọ òógùn wọn.
Ti Látẹ́ẹ̀fù wúwo, ó ń rùn bí òrí àti róòbù,
nítorí orúnkún tó ń dì ní báńdéèjì láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.
Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé. Ó mọ igun pápá tí omi ń dúró sí,
ó mọ rẹfirí tó ń yára fọn fèrè, ó mọ èyí tó ṣeé bẹ̀.
Ti ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rùn rárá.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti débẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó ronú àtilọ.
Àmọ́ níjọ́ tí wọ́n pariwo mọ́ ọn ní pápá Ẹdẹ,
ó gbé bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá bí ẹni dá ṣéńjì padà.

Wọ́n ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.
Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń fi àkísà nu bàtà wọn,
n kò rí ẹni tó wọ àkísà lọ sí pápá rí.

Aláró ni ìyá tó bí mi, nílùú aró yìí.
Ó ní aṣọ tuntun a máa yọ aró:
ìfọ̀ kìíní, ìfọ̀ kejì, omi á dúdú bí ojú ọ̀run,
kò sì yẹ kó bá aṣọ funfun wọ báàfù kan náà.
Ṣùgbọ́n èyí tí o kò bá fọ̀, tí o ká sínú àpótí,
bó pẹ́ lọ́dún mẹ́wàá, ọjọ́ tó bá rómi ni yóò yọ aró.

Mo fẹ́ sọ èyí fún Kóòṣì. N kò sọ ọ́.
Ṣúnmọ́nù ló dé sí mi lọ́kàn.

Ta ló tún rántí Ṣúnmọ́nù?
Òun ló ni nọ́ńbà mẹ́fà kí Látẹ́ẹ̀fù tó dé.
Ó ku ìdíje kan péré kó jáde
nígbà tí Kóòṣì bọ́ jẹ́sì lọ́rùn rẹ̀, ó ní ọmọ tuntun kan yára.
Ọmọ tuntun yẹn ni Látẹ́ẹ̀fù.
A gba ife lọ́dún náà. Mo jó, irọ́ kọ́.
Ṣúnmọ́nù dá ṣòkòtò rẹ̀ padà fún mi, ó ti fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀,
ó ká a bí aṣọ olóògbé.
Ọ̀kadà ló ń wà ní Ìgbọ̀nà báyìí;
ó máa ń gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́, kì í béèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

"Ìyá Mọ́ríámọ̀, mò ń gbọ́ yín."
Mo fún jẹ́sì náà, omi rẹ̀ ṣàn gba gọ́tà lọ síhà Ọ̀ṣun.
Mo ní, "Ta lo ti sọ fún?"
Ó ní òun ò tíì sọ fẹ́nì kan.
Mo ní, "Ẹni tó o bá mú, mú un.
Ẹni tó o bá fi sílẹ̀, kó má jẹ́ ara pátákó ni yóò ti kà á.
Lọ bá a ní yàrá rẹ̀ lálẹ́ yìí. Jókòó.
Wò ó lójú, kó o tó sọ ọ́."

Kóòṣì wo okùn, ó wo ìwé,
ó kọ orúkọ. N kò rí i kà, n kò wọ awò ojú.

Nígbà tó tan ọ̀kadà rẹ̀, mo fetí sí i:
kò yà sí Ògo-Olúwa, níbi tílé rẹ̀ wà,
ó kọrí sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.
Nọ́ńbà mẹ́fà ṣì ń kán tó, tó, tó.
Mo yí inú rẹ̀ síta, kí afẹ́fẹ́ lè bá a dé ibi rírán.